Ìyàtọ̀ Kì í Ṣe Àrùn: Orúkọ Tí Ó Yẹ Ìlẹ̀kùn Ọkàn Aláwẹ́ Méjì

Ní ọdún 2021, àwọn oníṣègùn ọkàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pa ìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì gbé ìwé kan jáde lórí orúkọ tí ó yẹ kí a máa pe ohun kan ṣoṣo nínú ara ènìyàn, àti ọ̀nà tí ó yẹ kí a máa gbà pín in sí ìsọ̀rí. Ohun náà kì í ṣe tuntun. James Paget ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1844. William Osler sì kọ odidi àpilẹ̀kọ lé e lórí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1886. Síbẹ̀, títí di àkókò tiwa yìí, bí oníṣègùn kan ti ń pè é kọ́ ni ẹlòmíràn ń pè é. Bí àwọn tí wọ́n ni èdè ìmọ̀ náà bá lè ṣi ara wọn gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ nítorí orúkọ, kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí àwa tí a ń gbìyànjú láti fi Yorùbá sọ ọ́ bá kọsẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé ibi tí a ti ń kọsẹ̀ kì í ṣe ibi tí ó ṣòro. Ibi tí èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tí ó péye, tí a kò sì lò ó, ni.

Ìlẹ̀kùn tí ó wà ní ẹnu ìyá-iṣan ni mo ń wí. Yàrá mẹ́rin ni ó wà nínú ọkàn, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ìlẹ̀kùn mẹ́rin ni ó sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ti kọjá tún padà sẹ́yìn. Iṣan tí ó tóbi jù lọ nínú ara, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì lọ sí gbogbo ara, ni mo pè ní ìyá-iṣan, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ìlù tí ó ṣáájú àwọn yòókù ní ìyáàlù. Ìlẹ̀kùn ẹnu rẹ̀ máa ń ṣí, ó sì máa ń padé, ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, awẹ́ mẹ́ta ni ìlẹ̀kùn yìí ní. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí ẹnìkan tàbí ẹni méjì láàárín ọgọ́rùn-ún, awẹ́ méjì ni a bí mọ́ wọn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín ọkùnrin ju obìnrin lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé awẹ́ kan sọnù: méjì nínú mẹ́ta ni kò yà kúrò lára ara wọn nígbà tí ọlẹ̀ ń di ọmọ nínú ìyá rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ a sì máa hàn, bí ojú rírán ti ń hàn lára aṣọ.

Ẹnìkan lè bi mí léèrè pé níbo ni mo ti rí awẹ́. Nínú àwọn ìtumọ̀ tí ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, ewé ni àwọn kan kọ, nítorí pé ewé kékeré ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń pè é. Àwọn mìíràn kọ ehín, nítorí pé ọ̀rọ̀ Látìn tí ó wà nídìí orúkọ náà ń tọ́ka sí ohun tí ó ní ṣónṣó. Méjèèjì ni kò tọ́ lójú mi. Ewé tí ó já bọ́ láti ara igi ṣì jẹ́ ewé, igi tí ó ti ara rẹ̀ já ṣì jẹ́ igi. Awẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ara odidi kan ni awẹ́ í ṣe, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa fara kanra tí kò fi ní sí àlàfo láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìlẹ̀kùn ìyá-iṣan ṣe rí nígbà tí ó bá padé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, awẹ́ jẹ́ ohun tí Yorùbá máa ń kà. A kì í ra obì láìwo iye awẹ́ rẹ̀. Obì àbàtà lè ní awẹ́ mẹ́ta, ó lè ní mẹ́rin, ó lè ní márùn-ún. Ẹni tí ó fẹ́ dá obì yóò wá aláwẹ́ mẹ́rin lọ. Aláwẹ́ mẹ́ta kò ní ṣe é fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé aláwẹ́ mẹ́ta ń ṣàìsàn. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gbànja bá mi jà: irú obì mìíràn pátápátá ni gbànja, awẹ́ méjì ni tirẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.) Nítorí náà, nígbà tí mo bá sọ pé ìlẹ̀kùn kan jẹ́ aláwẹ́ méjì, mo ti sọ iye, n kò sì tíì sọ ohunkóhun nípa àìsàn. Irú ọ̀rọ̀ tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń wá nìyẹn.

Ní ti ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀, n kò ní bá ẹni tí ó bá fẹ́ fáàfù jà. Gbogbo ẹni tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ rí ni ó mọ fáàfù, tí ó sì mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, kì í gba ibẹ̀ jáde bí kò bá bàjẹ́. Apẹja tí ń dẹ ìgèrè pàápàá mọ iṣẹ́ yìí dáadáa: ẹja ń wọlé, kò rí ọ̀nà padà. Ìlẹ̀kùn ni mo yàn nítorí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn. Ìlẹ̀kùn ń ṣí, ìlẹ̀kùn ń padé, ẹnu ọ̀nà lè fẹ̀, ó sì lè há. Gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ nípa àrùn ibẹ̀ ni a lè sọ láìtún ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ibi tí mo ti ka ọ̀ràn yìí sí pàtàkì jù nìyí. Nínú àwọn ìwé ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí tí a fi ń kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama, ìlẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ń pè ní bicuspid. Ìlẹ̀kùn yìí kì í ṣe ti ìyá-iṣan. Èyí tí ó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ lápá òsì ni, èyí tí Vesalius fi wé fìlà bíṣọ́ọ̀bù, tí àwọn oníṣègùn sì fi orúkọ fìlà náà pè títí di òní. Awẹ́ méjì ni ó yẹ kí ìyẹn ní. Bí ó ti rí nínú gbogbo wa nìyẹn. Èkejì rẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n ń fi orúkọ awẹ́ mẹ́ta pè. Ẹ wò ó, ẹ̀yin atúmọ̀: bí olùkọ́ kan bá ti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé “ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì” ni orúkọ ìlẹ̀kùn apá òsì, tí akẹ́kọ̀ọ́ náà wá dàgbà, tí oníṣègùn wá sọ fún un pé ìlẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́ aláwẹ́ méjì, kí ni yóò gbọ́? Ó lè rò pé ohun tí gbogbo ayé ní ni wọ́n ń sọ fún un pé òun ní, kí ó sì lọ sùn. Bí a bá sì kọ́ ọ pé aláwẹ́ méjì ni orúkọ àìsàn, tí ó wá ṣí ìwé ẹ̀kọ́ tí ó rí ọ̀rọ̀ kan náà lára àwòrán ọkàn tí ó pé, ẹ̀rù yóò bà á lórí ohun tí kò tọ́ sí ẹ̀rù.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè máa fara da irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn oníṣègùn wọn sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún un. Àwa kò ní ìdí kankan láti jẹ gbèsè tí a kò yá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a fi ipò sọ ìlẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórúkọ, kí a má fi iye sọ wọ́n: ìlẹ̀kùn àárín yàrá òsì, ìlẹ̀kùn àárín yàrá ọ̀tún, ìlẹ̀kùn iṣan ẹ̀dọ̀fóró, ìlẹ̀kùn ìyá-iṣan. Iye awẹ́ yóò wá wà lófìífo, tí a ó lè lò ó fún iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tí í ṣe àpèjúwe. Nígbà náà ni “ìlẹ̀kùn ìyá-iṣan aláwẹ́ méjì” yóò ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo, tí kò sì ní bá ohunkóhun nínú ìwé ẹ̀kọ́ jà.

Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé èyí kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé ìwòsàn kan ní kí n bá wọn yẹ ìwé ìléwọ́ kan wò, èyí tí wọ́n ti túmọ̀ sí Yorùbá fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ní irú ìlẹ̀kùn yìí. “Àbùkù ọkàn àjogúnbá” ni àkọlé rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kà á sí etígbọ̀ọ́ àwọn òbí díẹ̀ kí a lè mọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ sí. Ìyá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀. Ara ọmọ náà dá ṣáṣá, ìró kan ni wọ́n kàn gbọ́ láyà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ibà. N kò tíì kà á dé ìlà kẹta tí ìyá náà fi dá mi dúró. Ó ní, “Ẹ dákun, ọ̀gá, ilé ta ló ti jogún rẹ̀? Ṣé ilé bàbá rẹ̀ ni, àbí ilé tèmi? Torí wọ́n máa bi mí nílé.” Oníṣègùn kankan kò bá a sọ̀rọ̀ ogún rí. Àkọlé wa ni ó gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀ fún un.

Àṣìṣe méjì ni ó wà nínú àkọlé náà. Èkíní ni pé àtúmọ̀ kò ya ohun tí a bí mọ́ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó jogún. Èdè wa ya wọ́n sọ́tọ̀. “Wọ́n bí i mọ́ ọn ni” kò tíì sọ ẹni tí ó ti wá. “Ó jogún rẹ̀” ti tọ́ka sí ilé kan. Nítorí náà, àbímọ́ ni mo fẹ́ kí a máa lò fún ti àkọ́kọ́, kí a sì fi àjogúnbá sílẹ̀ fún ti èkejì. Mo mọ̀ pé abínibí wà, ṣùgbọ́n a ti ń lò ó fún èdè abínibí, kò sì sí ẹni tí a bí mọ́ èdè. Òtítọ́ ni pé ogún kò jìnnà pátápátá sí ọ̀ràn yìí: bí ẹnìkan bá ní ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́wàá láàárín àwọn òbí, ọmọ àti ọmọ ìyá rẹ̀ ni a ó rí tí ó ní in pẹ̀lú, èyí tí ó mú kí ọ̀pọ̀ oníṣègùn máa gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ yẹ ọkàn wọn wò. Ní ọdún 2005 pàápàá, àwọn onímọ̀ rí àyípadà nínú àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní NOTCH1 nínú àwọn ìdílé kan tí ó ní in. Ṣùgbọ́n ìdílé díẹ̀ ni a rí i nínú wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí a bí i mọ́ ni kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ó ti wá. Gbólóhùn kan nínú ìwé ìléwọ́ náà ni ó yẹ kí ó ru ẹrù yìí. Kò yẹ kí a gbé e lé orí orúkọ.

Àṣìṣe kejì ni àbùkù. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé a ń fi àbùkù kan ènìyàn, tí ó mọ ohun tí a ń pè ní alábùkù ara, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń mú ìtìjú lọ́wọ́ wá. Mo fi ìyàtọ̀ rọ́pò rẹ̀: ìyàtọ̀ àbímọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ oníṣègùn ọkàn kò fara mọ́ èyí, àtakò rẹ̀ sì wúwo. Ó ní bí mo bá pè é ní ìyàtọ̀, àwọn ènìyàn yóò kà á sí bí ẹ̀yinjú tí ó mọ́ tàbí irun tí ó pọ́n, wọn kò sì ní padà wá sí ilé ìwòsàn. Ó rán mi létí pé awẹ́ méjì ni ó ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta. Wọn kì í lè ṣí gbalasa bí ó ti yẹ. Ẹnu tí wọ́n ń yà dàbí ẹnu ẹja. Ẹ̀jẹ̀ a máa gba ẹ̀gbẹ́ kan tú jáde, a sì máa lu ògiri ìyá-iṣan ní ojú kan ṣáá. Ẹrù náà ń wọ awẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbó ṣáájú àkókò. Aláwẹ́ mẹ́ta tí yóò bá há, ó sábà máa ń di ẹ̀yìn àádọ́rin ọdún. Aláwẹ́ méjì lè há ní ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà. Roberts àti Ko yẹ ìlẹ̀kùn àwọn àgbàlagbà 932 wò ní Amẹ́ríkà, àwọn tí a ti pààrọ̀ ìlẹ̀kùn ìyá-iṣan wọn nítorí pé ó há. Nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2005, 49 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ aláwẹ́ méjì. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ohun tí kò ju ẹnìkan tàbí ẹni méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún láwùjọ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì àwọn tí ó dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

N kò lè sọ pé ọ̀rẹ́ mi kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn wà tí òun náà kò jiyàn rẹ̀. Ní agbègbè kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota, àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ ènìyàn 212 tí ìlẹ̀kùn ìyá-iṣan wọn jẹ́ aláwẹ́ méjì, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa tàbí tí ìṣòro rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008, wọ́n rí i pé lẹ́yìn ogún ọdún, 90 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà láàyè, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí láàárín àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò ní irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin sì nílò iṣẹ́ abẹ láàárín ogún ọdún náà. Ẹ jẹ́ kí a ka iye méjèèjì pọ̀. Àwọn tí à ń ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n sì wà láàyè. Ẹni tí a bá wá sọ fún ní ọjọ́ kìíní pé ó ní àrùn ọkàn, tí kò sì rí àrùn kankan lára rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ṣé yóò gbà wá gbọ́ ní ọjọ́ tí àrùn bá dé lóòótọ́? Lójú tèmi, ìbẹ̀rù tí kò rí ẹ̀rí kì í pẹ́ di àìbìkítà. Ibi tí mo ti gbà fún ọ̀rẹ́ mi ni pé ìyàtọ̀ kò gbọdọ̀ dá dúró nínú ìwé tí aláìsàn yóò kà. Gbólóhùn tí ó sọ pé kí ó máa padà wá fún àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e ní kíá, ní ojú ìwé kan náà. A fi ẹnu kò sí ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń rojú.

Bí a bá wá ti ya ìyàtọ̀ sọ́tọ̀ báyìí, àwọn àrùn náà yóò ní àyè láti gba orúkọ tiwọn. Híhá ìlẹ̀kùn ni ti ìlẹ̀kùn tí kò lè ṣí tó. Jíjò ìlẹ̀kùn ni ti èyí tí kò padé dáadáa, tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jò padà. Fífẹ̀ ìyá-iṣan ni ti iṣan tí ògiri rẹ̀ ń tẹ́ sí i, tí ó sì lè ya bí a kò bá kíyè sí i. Àkóràn ìlẹ̀kùn ni ti kòkòrò àìfojúrí tí ó bà lé awẹ́, èyí tí Osler ti tẹnu mọ́ ní ọdún 1886. Líle tí awẹ́ ń le nítorí káṣíọ́ọ̀mù ni mo pè ní ìdeegun. Ìgbà kan wà tí mo fẹ́ kí a fi ẹfun sọ ọ́, nítorí pé ó funfun, ó sì ń fọ́ wúruwúru. Onímọ̀ kẹ́míkà kan ni ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹfun tí a ń rà lọ́jà jẹ́ amọ̀, kò sí káṣíọ́ọ̀mù tí ó tó nǹkan nínú rẹ̀. Eegun sì bá òtítọ́ mu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwọn onímọ̀ ti rí i pé nínú awẹ́ tí ó ń le, àwọn kan nínú àwọn ohun tíntìntín tí ó kó ara jọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí àwọn tí ń mọ eegun.

Ìlànà yìí wúlò fún wa nílé ju bí a ti rò lọ. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ọkàn tí ó bàjẹ́ lára àwọn ọ̀dọ́ ni kì í ṣe àbímọ́ rárá. Ibà kan tí ó ń tẹ̀ lé ọ̀nà ọ̀fun dídùn ní ìgbà èwe ni ó ń fà á, ibà tí ń mú oríkèé ara wú, tí ó sì ń bá ọkàn jà. Ibà yìí náà lè mú kí awẹ́ lẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá wo ìlẹ̀kùn méjèèjì lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí ìdeegun ti bò wọ́n, lè máà mọ èyí tí a bí mọ́ ènìyàn yàtọ̀ sí èyí tí ibà fà. Bí “awẹ́ lílẹ̀pọ̀” nìkan bá ni ọ̀rọ̀ tí a ní, a ó fi ọmọ tí penisílíìnì ìbá gbà sílẹ̀ sí agbo kan náà pẹ̀lú ọmọ tí a bí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lílẹ̀ àbímọ́ àti lílẹ̀ àrùn ni mo kọ sínú àkọsílẹ̀ tèmi, mo sì rọ àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ó ku ọ̀kan tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀. Nínú àwọn 932 tí mo mẹ́nu bà lókè, 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìlẹ̀kùn wọn kò ní ju ẹyọ kan lọ. N kò lè pe ìyẹn ní aláwẹ́ kan kí ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo ti sọ pé awẹ́ kì í dá dúró, ara odidi kan ni. Orógbó tí kò ní awẹ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n “ìlẹ̀kùn aláìláwẹ́” yóò mú kí olùgbọ́ rò pé kò sí ìlẹ̀kùn níbẹ̀ rárá. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá mọ ohun tí àwọn tí ń ta obì ń pe èyí tí kò là, kí ó jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.